Bí Mo Ṣe Lọ Túfọ̀ Etí Erin

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo kó àgbà mẹ́ta sínú ọkọ̀ mi, a múra bí ẹni tó ń lọ sílé ọ̀fọ̀, a sì lọ sọ fún ọkùnrin kan ní Oxon Hill, ní Maryland, pé ewéko rẹ̀ kú. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ni igbákejì lèmọ́mù mọ́sálásí wa. Èkejì ni alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìbàdàn tó wà lágbègbè wa. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ọ̀rẹ́ alága, tí mo bẹ̀ pé kó bá wa lọ nítorí pé ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn sọ ọ̀rọ̀ ikú rí. Láti District Heights títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

Ewéko ni o. Etí erin ni, èyí tí wọ́n ń kọ sára ìgò ìpara pé àlófírà.

Oníròyìn ni mí. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ní Ìbàdàn, tí mo sì gbé dé Amẹ́ríkà, ni pé kí n fi ohun tó burú jù síwájú, kí n sọ ẹni tó ṣe é àti ìgbà tó ṣe é, kí n sì dákẹ́. Ìwé ìròyìn kékeré kan tí àwa ọmọ Nàìjíríà ń ṣe lóṣooṣù nínú yàrá abẹ́ ilé kan ni mo ń kọ̀wé fún nígbà náà. Ó yẹ kí n lè gbé fóònù kí n ní, "Ewéko yín kú, èmi ni mo pa á." Gbólóhùn kan péré ni. Mo dúró ti fóònù náà títí, gbólóhùn náà kò jáde.

Ó ṣẹlẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1990, lásìkò tí Iléyá ń bọ́ sí oṣù kẹrin. Ẹni tó ni etí erin jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo wa ní mọ́sálásí ń pè é ní Bàbá. Ìyàwó rẹ̀ ló gbin ewéko náà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àpátímẹ́ǹtì wọn. Bí òróró dòdò bá ta sí ẹnikẹ́ni lára nínú ilé náà, ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni wọ́n ń sáré lọ, á gé ewé kan, á fi oje rẹ̀ ra ojú iná náà. Nígbà tí ìyá kú, Bàbá fi aṣọ rẹ̀ tọrẹ, ó fi ìkòkò àti ọlọ tọrẹ. Kò fún ẹnikẹ́ni ní etí erin, kódà kò fún wa ní ọmọ tó ń yọ ní ìdí rẹ̀.

Lọ́dún yẹn Bàbá fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Tó bá kúrò níbẹ̀ á kọjá sí Ìbàdàn lọ wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó wà níbẹ̀, kò sì ní padà títí di oṣù karùn-ún. Ó nílò ẹni tí á bá a tọ́jú etí erin. Àgbákò mi ni pé mo ti kọ ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn wa lórí bí ọmọ Nàìjíríà ṣe lè gbin nǹkan sí ìta ilé rẹ̀ ní Maryland. Inú ìwé oníwèé ni mo ti ṣà á jọ. Ohun tí èmi fúnra mi ti gbìn rí kò ju ata rodo lọ, kò sì so. Ṣùgbọ́n Bàbá ka ohun tí mo kọ, ó sì gbà á gbọ́. Irú ìyà báyìí kì í jẹ oníròyìn lójoojúmọ́.

Ó gbé ewéko náà wá fúnra rẹ̀, ó fi bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ dè é bí ọmọ. Ó ní kí n gbé e sí ojú fèrèsé tó kọjú sí oòrùn, kí n má gbé e síta, kí n má sì ṣe ohunkóhun fún un.

"Má fún un lómi o," ni Bàbá wí. "Bí ọwọ́ bá ń yún ọ, bu omi náà kí o mu ún."

Ó ní àmánà ni, ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nílé wa, bí wọ́n bá fi ọmọ sí ọ̀dọ̀ rẹ, tí ìyá rẹ̀ sì padà wá bá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rírù, ìwọ lo rí àbùkù. Ọmọ tí a gbà tọ́ gbọ́dọ̀ sanra ju bó ṣe wá lọ. Mo wo etí erin yẹn lójú fèrèsé, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ṣónṣó rẹ̀ gbẹ. Mo rò ó pé Bàbá ń ti Mẹ́kà bọ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun, Alhaji, wọ́n á sì bá ìrántí ìyàwó wọn bí ẹni tí ebi ń pa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lómi. Mo fi ajílẹ̀ sí i. Ewé náà wú, ó ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́jà. Mo ń pe àwọn àlejò wá wò ó.

Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wò ó lẹ́ẹ̀kan ó sì ní bí aláìsàn òun bá wú báyìí, dókítà lòun á pè.

Nígbà tó di ìparí oṣù kẹta, ooru dé. Kì í ṣe ooru àdánwò rárá, ooru tí èèyàn fi ń bọ́ kóòtù jù sẹ́yìn ọkọ̀ ni. Gbogbo igi àdúgbò rúwé. Mo tú etí erin kúrò nínú ìkòkò, mo gbìn ín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn iwájú ilé, kó lè ráyè na ẹsẹ̀.

Ẹ̀rí kan ló kì mí láyà. Aládùúgbò mi, àgbà aláwọ̀dúdú ọmọ Carolina kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba ní Suitland, ní ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún tó ń sùn síta lọ́dọọdún. Káátọ́ọ̀sì ni òyìnbó ń pè é. Ó wà nídìí àpótí lẹ́tà rẹ̀, ewé rẹ̀ pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Sínóò bò ó mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn. Nígbà tí sínóò yọ́, ó rún, ó nà sílẹ̀ gbalaja, ó dà bí bàtà tí ajá ti jẹ jù nù. Mo bá a kẹ́dùn. Ó rẹ́rìn-ín mi.

"Kò kú," ni ọkùnrin náà sọ. "Ó ti tú omi ara rẹ̀ dànù ni, kí òtútù má bàa rí nǹkan gbá mú."

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n fi ṣe àkọlé nìyẹn. Èmi gbọ́ ọ, mo rò pé àwàdà ni. Ohun tí mo mú kúrò níbẹ̀ ni pé tí aláìlera yìí bá lè sun ìta nínú sínóò, kí ló máa ṣe etí erin tèmi tó sanra? Nígbà tó rí mi tí mo ń gbẹ́ ilẹ̀, ó ní òun kì í gbé nǹkan ẹlẹgẹ́ síta kí ayẹyẹ ọjọ́ àwọn ìyá ní oṣù karùn-ún tó kọjá. Mo ṣàlàyé fún un pé ní Ìbàdàn, ọyẹ́ a máa dágbére. Tó bá lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ó ní òtútù tiwọn máa ń gbàgbé fìlà rẹ̀, á sì padà wá mú un.

Oòrùn ló kọ́kọ́ bá a jà. Ewéko tó ti ń gbé inú ilé láti ọdún pípẹ́, mo gbé e sójú oòrùn lójijì, ewé rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yìn òyìnbó létí òkun. Mo rò pé òùngbẹ ni. Mo tún bomi sí i. Lẹ́yìn náà òjò dé, ó rọ̀ títí ilẹ̀ amọ̀ àdúgbò wa fi di àbàtà, omi sì ń dúró ní ìdí etí erin bí omi inú abọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú, nǹkan sì ń kọ lu òrùlé wa bíi pé wọ́n ń da èkùrọ́ sí i. Mo sáré jáde láti bá àwọn ọmọ tó ń sọ òkò wí. Yìnyín ni. Ó bà mí lórí, mo sáré wọlé. Nígbà tó dáwọ́ dúró, ihò ti wà lára ewé náà káàkiri, oje ń sun jáde. Ìyàwó mi dé láti ibi iṣẹ́, ó wò wá, èmi àti etí erin, ó ní èwo nínú wa ni kí òun kọ́kọ́ di ojú ọgbẹ́ fún.

Rédíò wá kéde pé ìrì dídì ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Fìlà yẹn ló padà wá mú. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n hú ewéko náà kí n gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n aládùúgbò mi jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó ń wò mí, ojú sì ń tì mí láti hú ohun tí mo fi ẹnu pọ́n gbìn. Mo mú ọ̀rá dúdú tí a fi ń kó ìdọ̀tí, mo fi bo etí erin mọ́lẹ̀, mo fi bíríkì tẹ etí ọ̀rá náà. Mo sì wọlé pẹ̀lú ìdánilójú.

Láàárọ̀, ilẹ̀ funfun bíi pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i. Oòrùn ràn sórí ọ̀rá dúdú yẹn. Nígbà tí mo ṣí i, ooru jáde látinú rẹ̀ bí ìgbà tí a ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Ewé etí erin ti mọ́ gaara, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ìwé ìròyìn látẹ̀yìn rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó wó sílẹ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Nídìí àpótí lẹ́tà lódìkejì, ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún tó rún yẹn ń gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀.

Mo ṣe ohun tí oníròyìn máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú: mo lọ ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ẹlẹ́rìí. Aládùúgbò ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, ó bo ẹnu rẹ̀. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ó ti kú, ọ̀gá oníròyìn. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ òkú."

Mo ní bóyá ó kàn dákú ni.

"Etí erin kì í dákú. Ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n."

Mo pe ọ́fíìsì àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Upper Marlboro. Obìnrin kan dáhùn, ohùn rẹ̀ tutù, ó ń bi mí léèrè bí èmi náà ṣe máa ń bi àwọn olóṣèlú. Ṣé mo fún un lómi? Mo ní díẹ̀. Báwo ni díẹ̀ náà ṣe tó? Mo ní ó sinmi lé ohun tí èèyàn bá pè ní díẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé irú ewéko bẹ́ẹ̀ ń fi omi pamọ́ sínú ewé. Bí omi bá kún inú rẹ̀ dẹ́nu tí òtútù sì mú un, omi á dì, á fẹ̀, á sì fa ara ewé náà ya láti inú. Èyí tí ebi omi ń pa ló máa ń yè é. Ó ní kí n wo ìdí rẹ̀ bóyá ọmọ kan wà tó le. Ọ̀kan wà. Ewé ìyá rẹ̀ ló wó bò ó, ìyẹn ló gbà á sílẹ̀, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Kò ní gbòǹgbò, nítorí gbòǹgbò ti jẹrà. Mo gé e, mo wé e sínú ojú ewé ìwé ìròyìn wa.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Bàbá dé láyọ̀. Wọ́n pè mí lórí fóònù, mo kí wọn kú oríire Mẹ́kà, mo pè wọ́n ní Alhaji. Wọ́n béèrè ìyàwó mi, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n béèrè iṣẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè etí erin.

"Ó ń kí yín," ni mo wí.

Ìyàwó mi gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Ó ní kí n pe Bàbá padà kí n sọ òótọ́ fún wọn, kí wọ́n bú mi, kó tán síbẹ̀. Èmi ní kò ṣeé ṣe. A kì í fi ọ̀rọ̀ òkú pàdé ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, a kì í sì í sọ ọ́ lórí fóònù. Àgbà la fi ń ránṣẹ́. Mo lọ bá alága. Ó kọ́kọ́ béèrè ta ló kú. Mo ní ewéko ni, ó rẹ́rìn-ín títí. Mo wá ní ewéko tí olóògbé gbìn, ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Igbákejì lèmọ́mù sọ pé ọ̀rọ̀ àmánà kì í ṣe ohun eré, àwọn á bá mi lọ. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ewéko ṣe di ọ̀rọ̀ àgbà.

Alhaji ṣílẹ̀kùn fúnra wọn, inú wọn dùn, wọ́n ti gbé dàbínù àti omi Samsam tí wọ́n mú ti Mẹ́kà bọ̀ sílẹ̀ fún àlejò. Wọ́n rí igbákejì lèmọ́mù níwájú. Wọ́n rí alága lẹ́yìn rẹ̀, àti Kìrìsìtẹ́nì nínú kóòtù dúdú, èmi ni mo kẹ́yìn, mo ń wo ilẹ̀. A jókòó. Wọ́n ní kí a jẹ dàbínù, kò sí ẹni tó na ọwọ́, nítorí pé èèyàn kì í jẹ oúnjẹ ẹni tó fẹ́ kó ìbànújẹ́ bá. Igbákejì lèmọ́mù wú ikọ́. Ó ní gbogbo ohun tó bá wà láyé ló ní ọjọ́ tirẹ̀, Ọlọ́run tó fúnni náà ló ń gbà á.

Alhaji wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé ife omi sílẹ̀.

"Ṣé ti Texas ni?"

Ọmọbìnrin wọn tó kẹ́yìn ló wà ní Texas. Méjì tó wà ní Ìbàdàn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀. Èyí nìkan ni wọn ò tíì gbúròó rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dé. Àwọn àgbà mi dákẹ́, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n máa ń rọra bọ̀. Ìdákẹ́ yẹn ni Alhaji sì gbà gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Wọ́n ń tẹ̀ síwájú lórí àga, ojú wọn ti ṣú.

Mo ti pàdé ọ̀pọ̀ èèyàn tí ìròyìn burúkú bá. Èmi ni mo fà á lọ́tẹ̀ yìí, láìsí ìròyìn kankan.

"Etí erin ni, Alhaji," ni mo kígbe. "Mo fún un lómi, mo gbìn ín síta, òtútù pa á. Kò sí ohun tó ṣe ọmọ yín."

Alhaji dìde, wọ́n lọ síbi fóònù, wọ́n tẹ nọ́ńbà, a jókòó síbẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de ọ̀gá. Nígbà tí ọmọ náà gbé e, wọ́n kàn ń pe oríkì rẹ̀, wọ́n tún un pè. A gbọ́ pé ó ń béèrè ìdí tí wọ́n fi ń mí bẹ́ẹ̀.

"Kò sí nǹkan," ni wọ́n sọ fún un. "Àwọn kan ló wá sọ fún mi pé ewéko ìyá rẹ ṣàìsàn."

Wọ́n padà wá jókòó. Wọ́n wo igbákejì lèmọ́mù, wọ́n wo alága, wọ́n ní ẹ̀yin pẹ̀lú irùngbọ̀n yín. Kìrìsìtẹ́nì yẹn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kó tó rántí ibi tó wà. Alhaji náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní kí n mú ohun tó kù wá. Mo tú ìwé ìròyìn náà. Wọ́n gbé ọmọ etí erin yẹn sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n yí i, wọ́n wo ìdí tí mo ti gé. Wọn ò bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn sọ pé nígbà tí wọ́n wà ní Mẹ́kà, wọ́n ti ṣàdúrà fún ìyàwó wọn, wọ́n sì ti ń ro ibi tí wọ́n á gbé ewéko náà sí tí wọ́n bá dé.

Àwọn àgbà mi wá na ọwọ́ sí dàbínù. Èmi ò lè jẹ ẹ́.

Mo sọ fún Alhaji ohun tí obìnrin Upper Marlboro wí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu oníròyìn. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo jókòó sí yàrá wọn, mo tẹ nọ́ńbà náà, mo gbé fóònù fún wọn, wọ́n sì ní kí n jìnnà díẹ̀ sí i. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n ń tún gbogbo rẹ̀ sọ ní Yorùbá kí n lè gbọ́ dáadáa.

Ọ́fíìsì náà ní kí a gbé ọmọ etí erin sí ibi òjìji títí ojú ibi tí a gé á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà kí a gbé e lé orí iyanrìn gbígbẹ nínú ìkòkò tó ní ihò, kí ẹnikẹ́ni má sì fún un lómi. Ó ní òtútù ṣì lè padà, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ jáde síta. Bó bá máa yè, á ta gbòǹgbò kí oṣù kẹfà tó parí. Bí a bá rọra fà á, á di ilẹ̀ mú. Bí kò bá ní yè, á rọ̀, á sì máa rùn. Obìnrin náà ní òun ò lè sọ èyí tí yóò jẹ́. Ó ní kí Alhaji pe òun ní ìparí oṣù kẹfà, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Ó ní kó jẹ́ Alhaji fúnra wọn ló máa pè.